Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí ẹ̀tọ́ ìbọn de ìjọba ìpínlẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè pé, bí àwa Yorùbá ṣe ń pariwo pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá nǹkan rẹ̀ ṣe, kí ló dé tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Washington fi ń sọ fún ìpínlẹ̀ bí Illinois tàbí New York pé wọn ò gbọdọ̀ gba ìbọn lọ́wọ́ aráàlú? Ẹ ní àwọn tó ń gbé ìlú ló mọ ohun tó ń ṣe ìlú.

South Side ní Chicago, ìpínlẹ̀ Illinois, ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ẹ̀ka pàjáwìrì, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì máa ń ṣe jù. Ẹni tí ọta ìbọn bá bà lóru, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Èmi náà ní ìbọn nílé, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ìdáhùn mi ni pé ó yẹ kí ẹ̀tọ́ yẹn de ìpínlẹ̀ àti ìlú, gbọin-gbọin.

Ohun tí à ń jà fún nílé, ọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba ni: ta ló máa gba owó orí, ta ló máa ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn yàtọ̀. Àárín èmi àti ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣàkóso mi ló wà, ìbáà jẹ́ ààrẹ, gómìnà tàbí káńsẹ́lọ̀. Bí gómìnà bá lè gba ohun tí ààrẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kí ló kù mí lọ́wọ́?

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kún ìwé òfin Amẹ́ríkà ní 1791, tí ti ìbọn jẹ́ ìkejì nínú wọn, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni wọ́n dè. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Barron ní èbúté ní Baltimore. Iṣẹ́ tí ìlú ṣe sí àwọn odò kó iyanrìn wá dí èbúté náà, ọkọ̀ ńlá ò lè gúnlẹ̀ mọ́. Ó pe ìlú lẹ́jọ́. Ní 1833, adájọ́ àgbà John Marshall ní àwọn àtúnṣe yẹn kò lè gbà á, torí pé wọn ò de ìpínlẹ̀.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni ewu rẹ̀ hàn síta. Ní 1865, Mississippi ṣòfin pé aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn, ọta tàbí ọ̀bẹ ìjà, àfi bí ìgbìmọ̀ àdúgbò bá fún un níwèé àṣẹ. Ẹ̀yin náà mọ irú ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Kì í ṣe Washington ló gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, ìpínlẹ̀ ni, àwọn tó mọ̀ wọ́n, tó mọ ilé wọn, tó sì ń jẹ́ kí àwọn ìkà máa lọ ká wọn mọ́lé lóru. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bí àtúnṣe kẹrìnlá ní 1868, tó ní ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí, òmìnira tàbí dúkìá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìgba ọ̀nà òfin.

Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ kọ etí ikún. Ní ọjọ́ Àjíǹde 1873, ní Colfax, ìpínlẹ̀ Louisiana, ogunlọ́gọ̀ aláwọ̀ funfun kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ilé ẹjọ́ àdúgbò, wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, títí kan àwọn tó ti túúbá. Ìjọba àpapọ̀ gbé díẹ̀ nínú àwọn apànìyàn náà lọ sí kóòtù. Ní 1876, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ẹ̀tọ́ ìbọn kò de ẹlòmíràn àfi ìjọba àpapọ̀, ó sì da ẹ̀bi tí wọ́n ti dá wọn nù. Àwọn tí wọ́n pa èèyàn wọn, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ wọn ni kí wọ́n lọ. Bí mo bá rántí ẹjọ́ yẹn, inú mi máa ń bàjẹ́ gan-an.

Louisiana kan náà ni Otis McDonald ti wá sí Chicago nígbà èwe rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, ó ṣiṣẹ́ títúnlé-ṣe ní Yunifásítì Chicago títí ó fi fẹ̀yìntì, ó sì ní ilé tirẹ̀ ní Morgan Park. Àwọn olè fọ́ ilé náà léraléra. Ó ní ìbọn gígùn, ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ ni àgbàlagbà bíi tirẹ̀ lè tètè lò lórí bẹ́ẹ̀dì, Chicago sì ti fòfin de ìyẹn láti 1982. Ó pe ìlú lẹ́jọ́. Ní June 28, 2010, adájọ́ márùn-ún nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a láre pé ẹ̀tọ́ ìbọn de ìpínlẹ̀ àti ìlú, mẹ́rin kò gbà. Samuel Alito ló kọ ìdájọ́ náà. Clarence Thomas, tó wà lára àwọn márùn-ún náà, kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì mẹ́nu ba Colfax.

Nígbà tí òfin 1982 yẹn ṣì múlẹ̀ ni olè ká èmi náà mọ́lé. Ọ̀sán gangan ni, mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, mo ti sùn, àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé Chicago ló ní àtẹ̀gùn onígi lẹ́yìn, tó kọjú sí ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń kó pàǹtírí sí. Ibẹ̀ ló gbà. Gíláàsì tó fọ́ ló jí mi. Mo sá sí balùwẹ̀, mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ọpọ́n ìwẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù ní 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, ní kí n má pa fóònù. Mò ń gbọ́ tí ẹni yẹn ń fa dúrọ́ọ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú yàrá mi. Lẹ́yìn náà ó yí ọwọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo gbọ́ mímí rẹ̀, ó dúró, ó lọ. Ìgbà tí ìrànlọ́wọ́ fi dé, olè náà ti kó wúrà ìyàwó mi lọ tipẹ́.

Ẹnì kan máa ní kí n fi ààbò sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ní 2005, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ gbọ́ ẹjọ́ obìnrin kan ní Castle Rock, Colorado, tó ní àṣẹ kóòtù lọ́wọ́ pé kí ọkọ rẹ̀ jìnnà sí òun. Ọkọ náà kó ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, obìnrin yìí ń pe ọlọ́pàá, ó ń bẹ̀ wọ́n. Ọkùnrin náà pa àwọn ọmọ. Ilé ẹjọ́ ní ìwé òfin kò fún un ní ẹ̀tọ́ tó lè fi fi dandan mú ọlọ́pàá ṣe àṣẹ yẹn. Bí ìjọba kò bá jẹ mí ní gbèsè ààbò, àṣẹ wo ló ní láti sọ pé n kò gbọdọ̀ dáàbò bo ara mi nínú yàrá mi?

Ẹ wo ohun tí ìlú tún ṣe lẹ́yìn ìdájọ́ 2010. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń yìnbọn níbi ìdánrawò, wọ́n sì fòfin de ibi ìdánrawò tó ṣí sílẹ̀ fún aráàlú láàrin Chicago. Ẹni tó ní mọ́tò jáde lọ sí ẹ̀yìn ìlú, bí èmi ti ṣe. Ìyá àgbà tó ń wọ bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ní 2011 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti àpapọ̀ dá ìyẹn dúró. Ká ní ẹ̀tọ́ náà kò de ìlú ni, ta ni à bá ké sí?

Ẹ má rò pé mo fẹ́ràn ìbọn. Mo ti fi síṣọ́ọ̀sì gé aṣọ lára ọmọkùnrin tó yẹ kó wà ní kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Inú àpò bébà ni aṣọ yẹn ń wọ̀, kì í ṣe ọ̀rá, kí ọ̀rinrin má ba ẹ̀rí jẹ́ kí ọlọ́pàá tó gbà á, a ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sára àpò. Nítorí náà, bí Adájọ́ Stephen Breyer, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí kò gbà ní 2010, ṣe kọ ọ́ pé ìlú tó kún fún èrò àti ìwà ọ̀daràn nílò òfin tirẹ̀, mi ò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní 1992, nígbà tí ìfòfindè wà digbí, àwọn tí wọ́n pa ní Chicago lé ní 900. Òkú tún pọ̀ ní 2016 àti 2021, lẹ́yìn ìdájọ́. Kò sí ẹni tí iye òkú dá láre nínú àríyànjiyàn yìí. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí ọlọ́pàá ń gbà níbí, òde ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń wá, pàápàá Indiana, tí kò jìnnà sí wa rárá.

Pé ẹ̀tọ́ de ìpínlẹ̀ kò ní kí ìpínlẹ̀ ká ọwọ́ gbera. Illinois ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo ìpínlẹ̀ tó gbà kí aráàlú gbé ìbọn pamọ́ sára jáde, ní 2013, àwọn ohun tó béèrè kò sì kéré: ẹ̀kọ́ wákàtí 16, yíyin ọta 30 láti ibi tó súnmọ́ àti ibi tó jìnnà díẹ̀, kí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán bá ojú àmì. A ò gbọdọ̀ gbé e wọ ilé ìwòsàn, ilé ìwé tàbí bọ́ọ̀sì, torí náà tèmi kì í bá mi lọ síbi iṣẹ́. Inú àpótí irin ló ń gbé. Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ní 2024, nínú ẹjọ́ Rahimi láti Texas, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án gbà pé a lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí kóòtù ti rí i pé ó jẹ́ ewu fún ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ni kò ní dúpẹ́? Èyí tí mi ò fara mọ́ ni ìdájọ́ Bruen ní 2022, tó ní kí ìpínlẹ̀ tó fẹ́ ṣòfin ìbọn wá irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn àtijọ́. Àwọn ará ìgbà yẹn kò rí irú ìbọn tó ń dé ẹ̀ka wa.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ìdájọ́ 2010 kò kan òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní ẹni tó wà níbí pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò tàbí ti ilé ìwé kò gbọdọ̀ ní ìbọn, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Onígíríìnì káàdì lè ní in. Bí ọ̀rẹ́ bá ní kí ẹ bá òun gbé e sínú mọ́tò yín, ẹ kọ̀.