Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà á sọ pé ẹ̀dà fáìlì tí mò ń ṣe ku ìṣẹ́jú 10, tí á sì tún gba wákàtí 3?

Kọ̀ǹpútà ò mọ àkókò tó kù, ó kàn ń ṣírò ni. Ó ń wo bí fáìlì ṣe ń yára wọlé báyìí, á wá fi ìyẹn pín ohun tó kù. Ìyára yẹn kì í dúró sójú kan. Fídíò kan tó jẹ́ 4 GB máa ń tètè kọjá ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 4 GB, torí pé fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní ṣíṣí àti títì tirẹ̀. Ibi tó ti máa ń dá dúró jù nìyẹn. Tí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Iye GB tó ti wọlé ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe ìṣẹ́jú.