Ilé Ìyá Wa Ní Ìtòkú: Ṣé Kí A Wó O Kọ́ Fúláàtì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé alámọ̀ ni ìyá ìyá wa fi sílẹ̀ ní Ìtòkú, yàrá mẹ́jọ tó kọjú síra. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ aró di òní. Ẹnì kan fẹ́ wó o, kó fi owó ara rẹ̀ kọ́ fúláàtì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó máa gba owó ilé fún ọdún 15 kó tó dá a padà fún wa. Olórí ẹbí ti gbà. Kí ni kí a ṣe?
Ọmọ Aláró, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Aláró, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ́ wọbẹ̀. Olórí ẹbí nìkan kò tó. Bó bá dá fọwọ́ síwèé láìsí àwọn àgbà ẹ̀ka ọmọ kọ̀ọ̀kan, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Bí ẹ̀yin náà bá ṣe é láìsí òun, asán ni. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 sì tún ń béèrè àṣẹ gómìnà. Ẹ lọ bá lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà ẹni tó fẹ́ kọ́lé.

Ògiri ni mo mọ̀ jù, iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi jẹun kí n tó máa kọ̀wé síbí. Ògiri amọ̀ máa ń mú ilé tutù, ṣùgbọ́n kò lè gbé dẹ́kìn láéláé. Wíwó sì kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí wọ́n fi ojú ilé sílẹ̀, kí wọ́n da òpó kọnkéré sínú pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tiwọn, kí òpó gbé dẹ́kìn, kí ògiri gbé ara rẹ̀. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ ògiri wò: ibi tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ amọ̀, omi máa ń há sábẹ́ rẹ̀, amọ̀ á sì máa rọ̀ láìhàn síta. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ibi tí wọ́n sin òkú sí nínú ilé.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹ kò sọ ibi tí àwọn aláró máa lọ. Àdìrẹ ló mú káyé máa wá Ìtòkú. Ẹ kọ ọ́ síwèé pé tiwọn ni ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú omi, àyè ìkòkò àti ibi tí wọn yóò ti máa sá aṣọ. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò omi aró jìnnà sí kànga, nítorí kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tó ń jó ara tí wọ́n ń pò mọ́ aró. Bí ẹni náà bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Kí ìwé sì sọ ọjọ́ tí ọdún 15 náà bẹ̀rẹ̀, yálà ilé parí tàbí kò parí.