Kí ni singkil, ṣé bí wọ́n ṣe ń jó o nílé náà nìyẹn?

Ìbéèrè: Mo rí ijó kan láti Fílípíìnì tí wọ́n ń pè ní singkil. Obìnrin kan ń jó láàárín ọ̀pá ọparun, ọmọọba ọkùnrin kan mú idà lọ́wọ́, òun náà ń jó. Kí ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí? Ṣé bí àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ṣe ń jó o nílé náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Singkil ni kí nǹkan kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, bí ìgbà tí ìtàkùn bá wé mọ́ni lẹ́sẹ̀ nínú igbó. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe ṣaworo tí obìnrin oníjó ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀.

Àwọn Maranao ló ni ijó náà, àwọn Mùsùlùmí tó ń gbé létí adágún Lanao, ní erékùṣù Mindanao, ní gúúsù Fílípíìnì. Ijó obìnrin ni lọ́dọ̀ wọn. Ọmọbìnrin ilé ọlọ́lá ló ń kọ́ ọ, kí gbogbo ayé lè rí i pé wọ́n tọ́ ọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá ọparun méjì dábùú méjì, àwọn tó wà nílẹ̀ ń gbá wọn pọ̀, wọ́n tún ń là wọ́n. Kulintang, ìyẹn agogo mẹ́jọ tí wọ́n tò láti orí ńlá dé orí kékeré, ló ń darí wọn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa yára sí i, títí ọparun á fi máa dún gbá-gbá-gbá láìsinmi. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀pá á há a. Síbẹ̀ oníjó kì í wolẹ̀. Ọrùn rẹ̀ nàró, ojú rẹ̀ ń wo iwájú, abẹ̀bẹ̀ méjì ń yí lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni adùn ijó yìí wà fún mi: ẹsẹ̀ ń sá fún ewu, ojú kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọọba tó mú idà yẹn, ti orí ìtàgé ni. Ẹgbẹ́ oníjó Bayanihan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Philippine Women's University ní Manila lọ́dún 1957, ló jẹ́ kí ayé mọ singkil. Lucrecia Reyes Urtula ló ń to ijó fún wọn, ní 1958 wọ́n sì jó níbi àfihàn àgbáyé ní Brussels. Ìtàn tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ni ti Gandingan, ọmọbìnrin ọba: iwin mú kí ilẹ̀ mì nínú igbó, igi ń wó, ó ń fò láàárín wọn títí ọmọọba ọkùnrin yẹn fi wá gbà á. Ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ kò yà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé agboòrùn dání. Wọ́n ń so ìtàn yìí mọ́ Darangen, orin akọni àwọn Maranao tí ìlà rẹ̀ tó 72,000.

Àwọn Maranao kan ti ráhùn pé ìfẹ́ ọmọọba yìí kò sí nínú ijó àwọn. Ó dùn wọ́n, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Èmi ò ní pe ti Bayanihan ní irọ́ o. Gbọ̀ngàn ńlá ń fẹ́ ìtàn tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á lè bá lọ láìgbọ́ èdè. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé bí wọ́n ṣe ń jó o ní Lanao nìyẹn. Ramon Obusan, tó ti bá Bayanihan jó rí, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1972. Nígbà ayé rẹ̀, ó máa ń lọ bá àwọn tó ni ijó nílé wọn, kí ti orí ìtàgé lè sún mọ́ ti ilé.

Tẹ́ ẹ bá tún rí i, tí ọmọọba àti idà wà níbẹ̀, ti ìtàgé lẹ ń wò. Tó bá jẹ́ obìnrin àti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nìkan, ẹ tẹ́tí sí ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Òun ló ni orúkọ yẹn.