Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìdí Tí Alumíníọ̀mù Kì í Fi Lẹ̀ Mọ́ Irin Nínú Omi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń ṣe ní Àjárá, ní Àgbádárìgì. Ọ̀gá mi máa ń fi iná bátìrì bo bóòtù àti nọ́ọ̀tì pẹ̀lú síńkì, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó dípẹtà. A wá po álọ́ọ̀mù sínú omi, kí alumíníọ̀mù lè rọ́pò síńkì. Omi náà kàn ń hó lára irin ni, ohunkóhun kò lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń lo iyọ̀ olómi tí kò ní omi nínú. Ṣé òótọ́ ni, ṣé a sì lè ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa?
Òǹkàwé yín, Àjárá.

ÌDÁHÙN: A kí yín o. Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí lára irin yín ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Híhó yẹn kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ yín. Gáàsì háídrójìn ni, inú omi fúnra rẹ̀ ló sì ti ń jáde. Ohun tó bá rọrùn jù lọ láti yí padà ni iná máa ń kọ́kọ́ mú. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń lò, háídrójìn wà ní òdo, síńkì wà ní vóòtù −0.76, alumíníọ̀mù sì wà nísàlẹ̀ réré ní −1.66. Síńkì ṣì ń ráyè lẹ̀ mọ́ irin nínú omi nítorí pé háídrójìn máa ń lọ́ra láti jáde lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti alumíníọ̀mù ti jìnnà jù: kí iná tó kàn án, omi ti gba gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ gbé bátìrì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, híhó náà ni yóò kàn pọ̀ sí i.

Omi gan-an ló gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1951, Hurley àti Wier ní Amẹ́ríkà fi iná yọ alumíníọ̀mù láti inú àdàlù alumíníọ̀mù kílọ́ráídì àti iyọ̀ mìíràn, láìsí omi rárá. Ní 1982, John Wilkes àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé irú èyí tó rọrùn láti lò jáde, tí iyọ̀ kejì rẹ̀ ń jẹ́ 1-ethyl-3-methylimidazolium chloride. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni àwọn méjèèjì. Bí a bá ń bu alumíníọ̀mù kílọ́ráídì sí ìkejì díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń rò wọ́n pọ̀, wọn yóò móoru, wọn yóò sì yọ́ fúnra wọn láìsí iná lábẹ́ wọn, títí wọn yóò fi dà bí òróró tó mọ́. Ẹni tó bá dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i pé ó gbóná kọjá ààlà, ó sì bàjẹ́. Alumíníọ̀mù kílọ́ráídì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ìkejì lọ, bíi méjì sí ọ̀kan tí a bá fi iye mólékù kà á. Bí wọ́n bá dọ́gba, alumíníọ̀mù kò ní lẹ̀. Ọ̀pá alumíníọ̀mù tí wọ́n so mọ́ orí pọ́sítíìfù ni yóò máa yọ́ láti dípò èyí tó ti lọ sára irin. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n a máa pààrọ̀ orí wáyà méjèèjì fún ìgbà díẹ̀ kí ojú irin lè bó mọ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò dá a padà.

Bí wọ́n bá fi manganese chloride díẹ̀ kún un, àdàlù alumíníọ̀mù àti manganese ni yóò lẹ̀. Ojú rẹ̀ máa ń dán ju ti alumíníọ̀mù nìkan lọ, iyọ̀ òkun kì í sì í tètè dá ihò sí i lára. Lójú tiwa, èyí ló bá ará etíkun mu jù. Àǹfààní mìíràn ni pé kò sí háídrójìn níbẹ̀, èyí tó máa ń wọ inú irin líle nígbà tí a bá ń fi síńkì bò ó nínú omi, tí bóòtù á sì kán lójijì lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú fi ń fẹ́ kí alumíníọ̀mù rọ́pò cadmium, mẹ́táàlì mìíràn tí wọ́n fi ń bo irin, tó jẹ́ májèlé.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù yín, rárá ni ìdáhùn wa, a sì bẹ̀ yín kí ẹ gbà á. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kan ìyẹ̀fun náà tàbí olómi rẹ̀, gáàsì ásíìdì tó ń ta ojú, tó sì ń jó ẹ̀dọ̀fóró ni yóò máa jáde. Bí omi bá wá dà sí ìyẹ̀fun náà, yóò ru gùdù. Àárín òkun àti ọ̀sà ni Àgbádárìgì wà, afẹ́fẹ́ yín kì í gbẹ. Inú àpótí tí a dé pa, tí náítrójìn tàbí argon gbígbẹ kún inú rẹ̀, tí ìbọ̀wọ́ sì wà lára ògiri rẹ̀, ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń ṣe é.

Fún ìsinsìnyí, ẹ ra bóòtù tí wọ́n rì bọ inú síńkì yíyọ́, nítorí síńkì ara rẹ̀ nípọn ju ti bátìrì lọ dáadáa. Èyí tó ń dán gbinrin kọ́ ni o. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń rí ṣákaṣàka díẹ̀. Ẹ rí i pé nọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀ ni ẹ rà mọ́ ọn, torí pé síńkì náà máa ń mú kí eyín bóòtù nípọn, nọ́ọ̀tì lásán kò sì ní wọ̀ ọ́.