Èsì: Ọdún wo gan-an ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá di gómìnà Ọ̀ṣun?

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2010 ni kí ẹ kọ, kì í ṣe 2007.

Lóòótọ́, ìdìbò 2007 ló gbé e wọlé, àmọ́ Oyinlọlá, gómìnà tó wà nípò nígbà náà, ni wọ́n kọ́kọ́ kéde. Arẹ́gbẹ́ṣọlá gba ilé-ẹjọ́ lọ, kò sì jáwọ́ títí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn n'Ìbàdàn fi dá a láre ní ọjọ́ 26 oṣù yẹn. Ọjọ́ kejì ló búra.

Ọjọ́ ìbúra ni òfin fi ń ka ọdún mẹ́rin gómìnà. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀ṣun kì í fi í dìbò gómìnà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀.

Ẹni tí kò tíì búra tẹ́lẹ̀ ni òfin yìí wà fún o. Bí wọ́n bá fagi lé ìdìbò ẹni tó ti wà nípò, tó sì tún wọlé, ìbúra àkọ́kọ́ ni wọn yóò kà. Bí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣe dá ẹjọ́ Kogí àti Sókótó nìyẹn lọ́dún 2012.

Ìyókù ìtàn rẹ̀ rọrùn:

1. Ìkárè ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1957, ọmọ Iléṣà ni.
2. Láti 1999, kọmíṣọ́nà iṣẹ́ òde l'Ékòó, lábẹ́ Tinúbú. Ẹ má fo ibí yìí bí àwọn ará ilé wa ṣe máa ń ṣe. Èkó ló ti lórúkọ.
3. Ní 2014 ó na Omíṣore, ọmọ Ifẹ̀, nínú ìdìbò gómìnà. Ó kúrò nípò ní 2018.
4. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, 2019 sí 2023.