Ẹ bójú tó ìfọwọ́sí ìwádìí kí ètò ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e

Ẹ béèrè ibi tó yẹ kí alákòóso ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí yunifásítì mẹ́rin bá fẹ́ pawọ́ pọ̀ dá àwọn olùṣèwádìí ìmọ̀ ìṣègùn lẹ́kọ̀ọ́, ẹ sì sọ pé àkójọ ohun tí ẹ máa kọ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe alákòóso irú ètò bẹ́ẹ̀ láàárín yunifásítì márùn-ún. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yìí ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀, mo sì jìyà rẹ̀.

Ìkéde Helsinki, tí Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Àgbáyé kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1964, tí wọ́n sì ti ṣàtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn náà, ní kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ẹ̀tọ́ fọwọ́ sí ìwádìí tí a fẹ́ ṣe lára ènìyàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ èyí dáadáa. Ohun tí n kò rò dé ni pé yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, àti pé ohun tí ìgbìmọ̀ kan ti fọwọ́ sí kò pa èkejì lẹ́nu mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn ní yunifásítì mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ fọwọ́ sí i láàárín oṣù méjì. Èkejì ní kí a yí gbólóhùn mẹ́ta padà nínú ìwé tí aláìsàn máa fọwọ́ sí, bí a sì ti yí i padà, kò bá èyí tí ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ rí mu mọ́, a sì ní láti padà tọ̀ wọ́n lọ. Ẹ̀kẹta kì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Oṣù mọ́kànlá kọjá lọ báyẹn, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́rìnlélógún péré ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní. Àwọn méjì parí láìfojú kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni a kọ ìwé àdéhùn pé ìgbìmọ̀ kan ni yóò máa yẹ ìwádìí wò fún gbogbo wa, tí àwọn yòókù yóò sì gba ìdájọ́ rẹ̀. Irú ètò yìí ti di dandan ní Amẹ́ríkà láti oṣù kìíní ọdún 2018 fún ìwádìí tí NIH, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera, ń náwó sí, tí a ń ṣe ní ibi púpọ̀ lórílẹ̀-èdè náà, nítorí náà àwòkọ́ṣe wà. Oṣù méje ni àdéhùn tiwa gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tiyín kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn alábòójútó náà wà níbẹ̀. A fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní méjì, láti yunifásítì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tún àbá ìwádìí rẹ̀ kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, nítorí pé ohun tí ẹnì kan bá fi kún un ni ẹnì kejì ń yọ kúrò. Ẹ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ abẹ gé sílẹ̀. Ẹ kọ ìlànà orúkọ òǹkọ̀wé pẹ̀lú: ICMJE, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìṣègùn lágbàáyé, la ohun mẹ́rin sílẹ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe ní pípé kí á tó kà á sí òǹkọ̀wé, wíwá owó ìwádìí nìkan kò sì tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan bínú sí mi gidigidi nítorí gbólóhùn yẹn. N kò yọ ọ́.

Ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan, ẹ sanwó fún ẹnì kan, ó kéré tán fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, láti máa tọ ipasẹ̀ ìwé. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá máa ń wu àwọn tó ń fúnni lówó, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé láti béèrè ibi tí ìwé dé.