Ọdún mélòó ni Pat Summitt fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n obìnrin ní Yunifásítì Tennessee, Amẹ́ríkà, ife mélòó ló sì gbà?

Ọdún 38 ni, láti 1974 sí 2012. Ó jáwé olúborí nínú eré 1,098, ó pàdánù 208, ó sì gba ife NCAA (àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà) 8: 1987, 1989, 1991, 1996, 1997, 1998, 2007 àti 2008. Ẹ má ṣe ka ife NCAA láti 1974 o. Àjọ náà kò ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún àwọn obìnrin títí di 1982.

Ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó gba iṣẹ́ náà, ọdún kan péré ló fi ju àwọn kan nínú àwọn tó ń kọ́ lọ. $250 ni owó oṣù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló ń fọ aṣọ ìdíje. Láàárín èyí ló tún gbá bọ́ọ̀lù fún Amẹ́ríkà ní Òlíḿpíìkì 1976 (fàdákà), ó sì kó ikọ̀ náà gba wúrà ní 1984. Sáà 1997 sí 1998 ló dáa jù lójú tèmi: eré 39, kò pàdánù ẹyọ kan.

Ó le lórí ẹ̀kọ́ ìwé: ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sí nínú kíláàsì.

Ní oṣù kẹjọ 2011 ló kéde pé òun ní àìsàn Alzheimer, èyí tó ń ba ìrántí jẹ́. Sáà kan ló lò sí i kó tó fi ipò sílẹ̀ fún Holly Warlick, igbákejì rẹ̀. Ó kú ní 2016, lẹ́ni ọdún 64. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin, Tara VanDerveer, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Stanford nígbà náà, ló kọ́kọ́ kọjá eré 1,098 tó jáwé olúborí yẹn, ní oṣù Kejìlá 2020.